Ohun tí Camry dúdú kan fojú mi rí kí n tó mọ bí a ṣe ń fi sealant bo mọ́tò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú mọ́tò, ibi tí ojú ti tì mí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Camry dúdú ni. Màmá kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ẹ̀rọ lo polish, ìyẹn ìpara tó ń fá ìlà wẹ́wẹ́ kúrò lójú pẹ́ńtì, sí i lára, ó ń kọ mànà, mo sì fi sealant, ohun tí a fi ń bo pẹ́ńtì kó má baà bàjẹ́, lé e lójú ẹsẹ̀. Màmá ṣàdúrà fún mi títí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìpè wọlé: "Ọmọ mi, wá wo ohun tí mo rí lábẹ́ iná ilé epo." Mo débẹ̀ lálẹ́. Bónẹ́ẹ̀tì dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tan. Gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ tí mo rò pé mo ti pa rẹ́ ló wà níbẹ̀.

Wọn ò padà wá o, wọn ò lọ níbì kankan tẹ́lẹ̀ ni. Òróró inú polish ló dí ojú wọn. Sealant mi kò rí pẹ́ńtì dì mọ́, orí òróró ló jókòó sí. Màmá fọ mọ́tò bí ìgbà mélòó kan, àtòróró àti sealant bá omi lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òróró yẹn ni itọ́ tèmi.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti lo polish tán, mo máa ń fi ọtí isopropyl nu òróró yẹn kúrò ní gbogbo ara mọ́tò. Èyí tó jẹ́ 70 nínú 100 ni mo ń rà, mo máa ń fi omi tó ṣe déédé rẹ̀ là á. Lẹ́yìn náà ni mo máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo bá rí nígbà yẹn ni òótọ́ iṣẹ́ mi. Àmọ́ mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onípẹ́ńtì dé, ẹ má fi ọtí kàn án, ẹ má sì tíì fi sealant bò ó. Ẹ bi onípẹ́ńtì bóyá ó ti gbẹ dénú.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí wàhálà kì í bẹ̀rẹ̀ lórí polish. Ẹ̀yin náà mọ eruku Àkúrẹ́ nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku yẹn kúrò lára mọ́tò, iyanrìn ló fi ń ha pẹ́ńtì. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i dáadáa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún fífọ fóòmù yín. Táyà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí kankan lórí ìyẹn.

Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, kí ẹ wá fi pa bónẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́. Ẹ ó rò pé ó ń dán, àmọ́ ó máa ń ṣe ṣàkìṣàkì lábẹ́ ìka bíi gaàrí. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọ̀dà títì wà níbẹ̀, pàápàá lára mọ́tò tó ń ná ọ̀nà Iléṣà, oje igi wà níbẹ̀, ẹ̀rún irin láti ara bíréèkì náà ti wọ pẹ́ńtì lára. Oògùn irin wà tí a ń fọ́n sí i. Tó bá ti kan irin, ó máa di elése àlùkò, ó sì máa ń ṣàn wálẹ̀ bí omi zobo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti ba mọ́tò onímọ́tò jẹ́. Kẹrosíìnì máa ń yọ ọ̀dà títì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró ni òun náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó bá kù, clay bar, ohun rírọ̀ bí amọ̀ tí a ń fi pa ojú pẹ́ńtì, ló ń kó o. Ẹ jẹ́ kí omi ọṣẹ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa pò ó kí ojú mímọ́ lè bọ́ síta. Tó bá já bọ́ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ sọ ọ́ nù. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́ nù.

Ní ti polish fúnra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ìpele òkè tó ń dán lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kò ju 40 sí 50 mákírọ́ọ̀nù lọ (ẹgbẹ̀rún mákírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), irun orí ẹlòmíì nípọn jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá fá kúrò kì í hù padà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú ibi kékeré kan, lábẹ́ ibòji, lára irin tó ti tutù. Ìlà míì wà tó jẹ́ pé ká fi sílẹ̀ ló dáa jù.

Mo tún Camry yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ méjì gbáko. Màmá ṣì ń gbé e wá, àmọ́ tọ́ọ̀ṣì máa ń wà nínú báàgì wọn báyìí. Wọ́n á tàn án yí bónẹ́ẹ̀tì ká kí wọ́n tó yọ owó.