Kọ́kọ́rọ́ OpenPGP kan ṣoṣo tó fún gbogbo Git yín

Ẹ ṣí fáìlì authorized_keys, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ tó lè wọlé, tó wà lórí Git server yín (kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń kó code yín sí) wò lónìí. Kálukú ló ti kó kọ́kọ́rọ́ SSH tiẹ̀ (èyí tó fi ń wọlé sórí server láti ọ̀nà jíjìn) síbẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, ti ilé, ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù tuntun tún mú òmíì wá, kò sì sẹ́ni tó rántí yọ ti àtijọ́, tó bá yá ẹ ò ní mọ ìlà tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Kọ́kọ́rọ́ SSH lásán ò ní ọjọ́ tó máa kú. Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ ṣì lè máa wọlé.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn OpenPGP nìyẹn, ìlànà kọ́kọ́rọ́ tó ti ara PGP jáde, torí ẹ lè fún kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ ní ọjọ́ tó máa parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ti ímeèlì nìkan ni, torí iṣẹ́ tí Phil Zimmermann gbé PGP jáde fún lọ́dún 1991 nìyẹn, àmọ́ ẹ lè fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ (subkey) sábẹ́ ìyá rẹ̀, kí ọ̀kan wà fún wíwọlé nìkan. Nínú gpg, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ OpenPGP, ẹ tẹ gpg --expert --edit-key, ẹ tẹ addkey, ẹ yan Authenticate, ẹ fún un ní ọdún 1 péré. Ẹ kọ enable-ssh-support sínú gpg-agent.conf, kí SSH_AUTH_SOCK tọ́ka sí ibi tí gpgconf --list-dirs agent-ssh-socket bá sọ, kẹ́ ẹ wá kọ keygrip ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà (àmì tí gpg-agent fi ń dá a mọ̀) sínú sshcontrol, fáìlì àwọn kọ́kọ́rọ́ tí SSH lè lò. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ gpg --export-ssh-key pẹ̀lú fingerprint yín (àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ yín), ìlà kan á jáde tó parí sí openpgp:0x àti nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé o: sshd, ètò tó ń ṣí ilẹ̀kùn SSH lórí server, ò mọ nǹkan kan nípa ọdún 1 yẹn. Tẹ́ ẹ bá kàn da ìlà náà kọ sórí server lẹ́ẹ̀kan, ibi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ ṣì wà. Server gan-an ló gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Tó bá jẹ́ Gitolite lẹ ń lò (ètò tó ń bójú tó ẹni tó lè wọ Git server), ẹ kọ script kékeré tí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tẹ́ ẹ bá dá fún un, á máa ṣe lóròòru: á tẹ gpg --refresh-keys láti gba àtúnṣe kọ́kọ́rọ́ lórí keyserver (server tí àwọn èèyàn ń gbé kọ́kọ́rọ́ wọn tó wà fún gbogbo ayé sí), á export kọ́kọ́rọ́ kálukú sínú keydir, fódà tí Gitolite ń kó kọ́kọ́rọ́ sí, èyí tí gpg bá kọ̀ torí ó ti parí tàbí ẹni tó ni ín ti fagi lé e, kó pa .pub rẹ̀ rẹ́, kó sì push. Gitolite á tún authorized_keys kọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù tuntun ò tún ní máa bẹ yín pé ẹ bá òun fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ọmọ kọ́kọ́rọ́ tuntun ló máa ṣe, á fi ránṣẹ́ sí keyserver, ó parí.

Àmọ́ ẹ má fi orúkọ wá kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni lórí keyserver, ẹ jọ̀ọ́, torí lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ yín gbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Ẹ gba fingerprint lẹ́nu ẹni náà fúnra rẹ̀, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 yẹn pátá, òun ni kẹ́ ẹ kọ sínú script.