Ìrìnàjò sí Fort Knox: Ìbọn Ìléwọ́ Méjì Ọ̀gágun Patton

Láti Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ẹ gba ojú ọ̀nà Dixie Highway, 31W. Nǹkan bíi máìlì 35 ni. Ẹ̀bá ẹnubodè Chaffee ti Fort Knox, àgọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ni General George Patton Museum wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pè, wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹni tó bá ń lọ torí ọkọ̀ ogun onírin lè má rí ohun tó wá: wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn lọ sí Georgia. Cadillac ọdún 1938 tí Patton wà nínú rẹ̀ nígbà ìjàǹbá December 1945 nítòsí Mannheim ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ìbọn rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ pẹ́ sí.

Àwọn èèyàn máa ń pè wọ́n ní ìbejì. Wọn kì í ṣe ìbejì rárá. Èyí tó ń dán bíi fàdákà ni Colt Single Action Army .45, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4¾, ọnà fínfín sì bò ó lára. El Paso ní Texas ni Patton ti rà á ní March 1916. Èkejì dúdú: Smith & Wesson .357 Magnum, ínǹṣì 3½, tó rà ní 1935 nígbà tó wà ní Hawaii, ọdún tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èèkù nìkan ló jọra, eyín erin tí wọ́n kọ lẹ́tà GSP sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èèkù náà ní péálì, ìyẹn inú ìkarahun odò tó ń dán. Inú máa ń bí Patton sí i. Ó ní àwọn tó ń jẹun lára aṣẹ́wó ní New Orleans ló ń gbé irú ìyẹn. Ẹ sún mọ́ gíláàsì, kí ẹ yí orí díẹ̀. Péálì á máa kọ àwọ̀ oríṣiríṣi bí òṣùmàrè. Eyín erin kì í kọ nǹkan kan, funfun rẹ̀ kàn ń dà bí òrí bó ṣe ń dàgbà ni.

Ẹ wá wo àmì méjì tí Patton gé sétí èèkù Colt, nítorí àwọn tí wọ́n pa nínú ìjà kan ní Mexico. Ní 14 May 1916, ní San Miguelito ní ìpínlẹ̀ Chihuahua, òun àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi mọ́tò Dodge mẹ́ta ká Julio Cárdenas mọ́lé, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Pancho Villa, olórí ọlọ̀tẹ̀ ní Mexico. Ihò mẹ́fà ni àgbá Colt, ibi tí wọ́n ń ki ọta sí, ní, ṣùgbọ́n ọta márùn-ún ni wọ́n máa ń kì. Orí ihò òfìfo ni òòlù rẹ̀, irin tó ń gbá ọta kó lè yìn, gbọ́dọ̀ sinmi, torí bí ìbọn bá já bọ́, tí ọta sì wà lábẹ́ òòlù, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Bí márùn-ún bá tán, ẹ ó ṣí ìlẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́, ẹ ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti pádi ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì tún ki tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Níwájú ọ̀tá, ìyẹn ti falẹ̀ jù, ohun tó sì mú kí ìbọn kejì wu Patton nìyẹn.

Magnum ò ní wàhálà yẹn. Odindi àgbá rẹ̀ ló ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ ọ̀pá àárín, pádi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti bọ́ sílẹ̀.