Nígbà Tí Síkáànù Onítànṣán Díẹ̀ Bá Sọ Pé Kì Í Ṣe Òtútù Àyà

Gbólóhùn kan wà tí àwa tí a ń ka fọ́tò X-ray àyà fẹ́ràn láti máa kọ: "A kò lè sọ pé kì í ṣe òtútù àyà." Bí a bá ti kọ ọ́ báyìí, ẹrù ti kúrò lórí wa, ó ti di ti dókítà tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Òun náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú sí òun lọ́wọ́, nítorí náà yóò fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò àrùn, yóò sì kọ òtútù àyà sínú ìwé rẹ̀. Bí iyèméjì ẹni méjì ṣe ń di àìsàn ẹni kẹta nìyẹn.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí síkáànù CT tó ń lo ìtànṣán díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò fọ́tò àyà fún àwọn aláìsàn kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yìn ín ni pé ó ń tú òtútù àyà tó fara pamọ́ síta, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ tó níye lórí jù ni pé ó ń fún wa láyà láti sọ pé ohun tí a rò kọ́ ló ń ṣe aláìsàn.

Òjìji ni fọ́tò X-ray. Bó ṣe rí láti ìgbà tí Wilhelm Röntgen ti ṣàwárí ìtànṣán náà ní ọdún 1895 nìyẹn: ìtànṣán ń gba inú ara kọjá, gbogbo ohun tó bá sì pàdé lọ́nà ni yóò tò jọ léra wọn lórí àwòrán kan ṣoṣo, egungun ìhà lórí ọkàn, ọkàn lórí ẹ̀dọ̀fóró. Apá ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́yìn ọkàn, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀ lọ sẹ́yìn, kì í hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ òtútù àyà a sì máa sá pamọ́ síbẹ̀. Bí aláìsàn bá lè dúró, tó lè fa èémí sínú kó sì dì í mú, fọ́tò rẹ̀ yóò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n arúgbó tí kò lè dìde, tí a ní láti ki pátákó àwòrán bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ibùsùn, ọkàn rẹ̀ yóò tóbi lójú wa ju bó ṣe rí lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò sún kì, omi tó bá sì wà nínú àyà rẹ̀ yóò tẹ́ lọ sẹ́yìn, yóò mú kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà ṣú bí kùrukùru. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi lè jọ wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí n ní mo rí òtútù àyà, kí òun ní òun kò rí i, kó má sì sí ẹni tó purọ́ nínú wa.

Ọ̀ràn náà tún le sí i nítorí pé arúgbó yìí kan náà ni àìsàn kì í fara hàn lára rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lára ọ̀dọ́. Ó lè má wúkọ́, ara rẹ̀ sì lè má gbóná. Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sọ ni pé ó ṣubú ní òru, tàbí pé láti àná ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti já geere mọ́, tàbí pé kò jẹun. Ẹni tí a nílò àwòrán fún jù gan-an ni àwòrán rẹ̀ ń já wa kulẹ̀ jù.

CT kì í ṣe òjìji. Ẹ̀rọ náà ń yí aláìsàn po, ó ń gba àwòrán láti igun púpọ̀, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò wọn pọ̀ títí a ó fi lè wo àyà ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ẹni tó gé búrẹ́dì. Godfrey Hounsfield ló ṣe é. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, inú orí ni wọ́n sì yà. Ìtànṣán ni kò jẹ́ kí a máa lò ó fún gbogbo ẹni tó bá wúkọ́. Fọ́tò àyà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ ń fi nǹkan bíi 0.1 millisievert, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara, sí ara. CT àyà gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ń fi nǹkan bíi 6 tàbí 7 sí i. Ti onítànṣán díẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1.5 lọ, èyí tí wọ́n sì tún dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń sún mọ́ ti fọ́tò. Kí òǹkàwé lè rí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n, ìtànṣán tí ènìyàn ń gbà láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run láàárín ọdún kan jẹ́ nǹkan bíi 2.4 millisievert ní ìpíndọ́gba káàkiri ayé.

Dídín ìtànṣán kù ní ohun tó ń ná wa. Bí a bá dín in kù di ìdá kan nínú mẹ́rin, wóró-wóró tó máa ń bo àwòrán bí eruku yóò di ìlọ́po méjì, bó bá sì jẹ́ inú ẹ̀dọ̀ ni a ti ń wá kókó kékeré, a ó pàdánù rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí CT fi ń wọn bí nǹkan ṣe kì tó, tí wọ́n fi orúkọ Hounsfield pè, omi wà ní òdo, afẹ́fẹ́ wà ní −1000. Nígbà tí òtútù àyà bá dé, omi àti ọyún yóò gba ipò afẹ́fẹ́, ojú ibẹ̀ yóò sì rí bí ẹfun tó ta sára aṣọ dúdú. Kò dìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí kí ènìyàn tó rí ẹfun lára aṣọ dúdú. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára àwọn tó ti mu sìgá púpọ̀ ló kọ́kọ́ fi èyí yé ọ̀pọ̀ wa: ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011 fi hàn pé CT onítànṣán díẹ̀ dín ikú tí jẹjẹrẹ náà ń fà kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìfiwéra pẹ̀lú fọ́tò àyà.

Ní ti òtútù àyà gan-an, ìwádìí kan wá láti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2015, níbi tí wọ́n ti ya CT fún aláìsàn 319 tí wọ́n fura sí ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Nínú àwọn tí fọ́tò wọn kò fi nǹkan kan hàn, CT rí àmì àìsàn náà lára ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Nínú àwọn tí fọ́tò wọn sì fi àmì hàn, CT ní kì í ṣe òtútù àyà fún nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó tún sún mọ́ ọkàn mi ni ti Geneva, tó jáde ní ọdún 2018: àgbàlagbà 200 tí ọjọ́ orí wọn ju 65 lọ, CT onítànṣán díẹ̀ sì ni wọ́n lò. Èrò àwọn dókítà yí padà lórí aláìsàn 90. Lórí 60 nínú wọn, ìfura òtútù àyà dínkù. Lórí 30 péré ló pọ̀ sí i. Ibi tí ojú àwọn dókítà ti là jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní òtútù àyà rárá.

Kí wá ni wọ́n ní? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkàn tó ti rẹ̀ ni, tí omi sì ń rọ́ padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lórí fọ́tò tí a yà lórí ibùsùn, omi yìí àti òtútù àyà jọra bí ìbejì. Lórí CT, a ó rí i pé ó wà ní apá ọ̀tún àti òsì, pé ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ti nípọn bí okùn àwọ̀n, àti pé omi tún wà lẹ́yìn àyà níhà méjèèjì. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Oògùn tí yóò mú un tọ̀ ni ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Bí a bá ṣèṣì pè é ní òtútù àyà tó le, tí a sì ń fa omi sí i lára, àwa gan-an ni a ń bù kún omi tó fẹ́ gbé e lọ. Oògùn apakòkòrò tí kò nílò náà lè dá ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò Clostridioides difficile ń fà sílẹ̀, arúgbó a sì máa bá irú ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe dà bí ọlọ́jà tó ń polówó. Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n fi CT tí ìtànṣán rẹ̀ kéré jọjọ wé fọ́tò àyà láàárín aláìsàn 2,418 ní ẹ̀ka pàjáwìrì, lẹ́yìn ọjọ́ 28, kò sí ìyàtọ̀ nínú bí ara ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe le tó. Àwọn kan fi èyí sọ pé ariwo lásán ni CT. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé kò yẹ kí a máa yà á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ọ̀dọ́ tó ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí fọ́tò rẹ̀ sì fi òtútù àyà hàn gbangba, kò sí ohun tí CT fẹ́ fi kún ìtọ́jú rẹ̀. Bí a bá sì ya àwòrán tán, tó ní kì í ṣe òtútù àyà, tí dókítà kò sì dá oògùn náà dúró, asán ni ìtànṣán tó wọ aláìsàn lára.

CT onítànṣán díẹ̀ tún ní àwọn ohun tí kò lè ṣe. Kò lè sọ fún wa bóyá fáírọ́ọ̀sì ni tàbí bakitéríà. Níwọ̀n bí a kò ti fa oògùn tó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ hàn sínú iṣan, a kò lè gbára lé e fún ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ dídì yìí sì wà lára ohun tó ń mú èémí ènìyàn já lójijì. Ẹni tí a bá fura sí i lára rẹ̀ nílò síkáànù mìíràn. Ó sì máa ń fi kókó kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò wá hàn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ṣe aláìsàn ní nǹkan kan títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò máa bá a sùn, bá a jí, láti ọjọ́ tí a bá ti dárúkọ rẹ̀ fún un. Ní ti ọmọdé, ìtànṣán ń ba ara wọn jẹ́ kíákíá ju ti àgbà lọ, mo sì rò pé ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán láìlo ìtànṣán, ló yẹ kó ṣáájú fún wọn, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa bá wà níbẹ̀.

Bí dókítà pàjáwìrì bá fẹ́ ran èmi tí mo ń ka àwòrán lọ́wọ́, kó má ṣe kọ "ikọ́" nìkan sórí ìwé tó fi béèrè síkáànù. Kó kọ ohun tó ń rò, àti ohun tí yóò ṣe bí mo bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: "Ẹni ọdún 84, ó ṣubú, fọ́tò rẹ̀ kò dájú, bí kò bá jẹ́ òtútù àyà, n ó dá oògùn dúró." Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún mi láti sá sẹ́yìn gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀dọ̀fóró náà bá mọ́, n ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò sí òtútù àyà.