Kí Ẹ Tó Kó Xbox 360 Sínú Kéèsì Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Afẹ́fẹ́ àti Iná

Àwọn tó ń kó Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, sínú kéèsì kọ̀ǹpútà sábà máa ń rò pé bí ilé bá ti fẹ̀, ooru á dín kù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù lè tètè kú nínú kéèsì tó fẹ̀ ju bó ṣe máa kú nínú ike tí wọ́n fi ṣe é lọ, bí ẹni tó kó o síbẹ̀ kò bá la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́.

Ẹ tú 360 tó sanra, èyí tó jáde ní 2005, ẹ ó rí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bo heat sink méjèèjì, ìyẹn irin eléyín tó ń fa ooru kúrò lára CPU (chip tó ń ṣe ìṣirò) àti GPU (chip tó ń ya àwòrán), tó sì parí sí ẹnu fáànù ẹ̀yìn. Ike yẹn ló ń fipá mú afẹ́fẹ́ gba àárín eyín heat sink kọjá. Bí ẹ bá yọ ọ́ dànù, tí ẹ wá de fáànù ńlá mẹ́ta mọ́ kéèsì, ibi tó rọ afẹ́fẹ́ lọ́rùn ló máa gbà: á wọlé níwájú, á jáde lẹ́yìn, kò sì ní kan heat sink rárá. Ó dà bí ẹni tó dúró sí ojúlé, tó ń fẹ́ iná ààrò tó wà lẹ́yìnkùlé. Nítorí náà, ẹ má sọ ike atọ́nà yẹn nù.

Heat sink GPU ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà tó ṣe. Nínú ilé àtilẹ̀wá rẹ̀, díráìfù DVD ló jókòó lé e lórí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é pẹlẹbẹ, nígbà tí ti CPU ga. Bẹ́ẹ̀ GPU ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù Keje 2007, Microsoft fúnra wọn sún wáráńtì sí ọdún mẹ́ta nítorí iná pupa mẹ́ta tó ń yọ lójú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ya owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Gbígbóná àti títutù léraléra ló ń já ìsopọ̀ tó wà lábẹ́ chip. Ẹ wá wo iná wa ní Ìbàdàn, tó lè lọ kó sì dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan: gbogbo ìgbà tó bá já lójijì, fáànù á dúró nígbà tí chip ṣì gbóná gan-an. Tí ẹ bá gbé DVD kúrò lórí GPU, àyè á ṣí sílẹ̀ fún heat sink tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí fún èyí tó ní páìpù kọ́pà tí wọ́n fi sínú àwọn tó jáde lẹ́yìn. Èrè tó wà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí ẹ kò bá ní fọwọ́ kan GPU, tó jẹ́ pé ẹwà nìkan lẹ ń wá, ẹ fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀ síbi tó wà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà nítòsí ihò iná. Bí ó bá jẹ́ 16.5A, ti àkọ́kọ́ ni, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Xenon tàbí Zephyr, òun ló ń jẹ iná jù, tó sì ń gbóná jù. 14.2A ni Falcon. 12.1A ni Jasper, òun ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Slim tó jáde ní 2010 kò nílò rẹ̀, nítorí wọ́n ti kó CPU àti GPU sínú chip kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé fáànù ńlá lé e lórí.

Ó wá kan iná. Púpọ̀ nínú àwọn 360 tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ló ń bá bíríkì iná (àpótí tó ń fún un ní iná láti ìta) 100–127V wá. Ìgbà kan péré ni wọ́n máa ń kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ 230V, á sì jó. Páwà páàkì kọ̀ǹpútà yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: àwọn tó ti pẹ́ ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115, ó máa bú lójú yín. Ẹ má sì jẹ́ kí “500W” tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀ tàn yín jẹ. Ìlà 12V ni kí ẹ wò. Ó gbọ́dọ̀ ju áńpù tí 360 yín ń béèrè lọ; fún èyí tó jẹ́ 16.5A, mi ò ní lo ohun tí kò bá tó 20A. Tí ẹ bá lọ sí Queen Cinema ní Èkótẹ̀dó, ẹ mú mítà dání, ẹ sì ní kí wọ́n tan án lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ gé wáyà bíríkì tó ti jó náà, ẹ tọ́jú orí rẹ̀, torí orí yẹn ló máa wọnú bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹ fi áyọ̀nù sódà kan bọ́ọ̀dù rárá. Nínú rẹ̀ ẹ ó bá wáyà yẹ́lò tó jẹ́ 12V, dúdú tó jẹ́ gíráńdì, pupa kan tó jẹ́ 5V tí kì í kú, àti búlúù kan tó ń pàṣẹ kí iná tàn. Yẹ́lò lọ sọ́dọ̀ yẹ́lò, dúdú sọ́dọ̀ dúdú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pupa: ẹ má so ó mọ́ pupa páwà páàkì, nítorí ìyẹn kì í ní iná àfi tí páwà páàkì bá ti tàn. Wáyà pọ́pù páwà páàkì, tí 5V rẹ̀ kì í kú, ni kí ẹ so ó mọ́.

Ó ku búlúù. Ẹ ò lè so ó mọ́ wáyà gíríìnì páwà páàkì, èyí tó ń tan án, lọ́wọ́ kan. Gíríìnì ń fẹ́ kí wọ́n fà á wálẹ̀ sí gíráńdì kí páwà páàkì tó tàn. Búlúù ní tirẹ̀ ń gbé fólítì jáde nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Transísítọ̀ kékeré kan, tó ń ṣiṣẹ́ bíi súìsì, ló máa là wọ́n, BC547 tàbí 2N3904. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: base, collector àti emitter. Búlúù gba inú rẹsítọ̀ 4.7k lọ sí base. Collector lọ sí gíríìnì. Emitter lọ sí dúdú. Ẹ tún fi 10k so base mọ́ dúdú kó má baà máa tan fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá kọjú pẹlẹbẹ transísítọ̀ sí ara yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, BC547 ni collector, base, emitter láti òsì. 2N3904 ni emitter, base, collector. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì láìyí i padà máa tú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó rí ibi tó ti ṣì í.

Àwọn kan máa ń so gíríìnì mọ́ dúdú títí láé kí wọ́n má baà wá transísítọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Páwà páàkì á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, gbogbo ìgbà tí iná bá sì dé, 12V á kọlu bọ́ọ̀dù kí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ tó pè é.

Wáyà kan kò lè gbé 16A. Ẹ lo yẹ́lò mẹ́rin àti dúdú mẹ́rin ó kéré tán, kí wọ́n wá láti orí púlọ́ọ̀gì tó yàtọ̀ síra. Èyí tó ń lọ sí CPU kọ̀ǹpútà ní yẹ́lò méjì àti dúdú méjì nínú. Ẹ fi sódà lẹ̀ wọ́n, ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì bo ojú ìdè. Téèpù nìkan kò tó, ooru á yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Tí páwà páàkì bá ti dàgbà, ẹ fi rẹsítọ̀ sìmẹ́ńtì 10 óòmù, 10 wáàtì sáàárín pupa rẹ̀ àti dúdú, nítorí tí kò bá sí ẹrù lórí 5V, 12V kì í dúró síbi tó yẹ. Rẹsítọ̀ yẹn máa gbóná díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fara kan wáyà.

Ní ti kéèsì, ẹ mú ti ATX (ìwọ̀n bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀) tó ga, tí páwà páàkì rẹ̀ wà lókè. 360 tó sanra fẹ̀ tó nǹkan bí 31 sẹ̀ǹtímítà, ó jìn tó 26. Bọ́ọ̀dù ATX jẹ́ 30.5 sí 24.4. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, nítorí náà ẹ ò nílò kéèsì ràgàjì. Ihò síkúrù wọn kò bára mu, ṣùgbọ́n ẹ má gbé bọ́ọ̀dù sínú kéèsì láìsí àwo irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwo yẹn ló ń gbé ìwúwo heat sink, òun ni kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tẹ̀. Ẹ de àwo náà mọ́ kéèsì, kí ẹ sì fi òpó kéékèèké gbé e sókè tó sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí àwọn chip mẹ́mọ̀rì kan wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù tí àwọn náà fẹ́ mí.

Ẹ̀yìn kéèsì gbọ́dọ̀ di gígé, torí ihò tó wà níbẹ̀ kò gba ẹnu HDMI, ti nẹ́tíwọ̀kì àti ti fáànù pọ̀. Ẹ yà á sórí páálí kọ́kọ́, kí wẹ́dà tó gbé ẹ̀rọ fáílìn. Gbogbo gígé àti dídá ihò gbọ́dọ̀ parí, kí ẹ sì ti nu kéèsì mọ́ tónítóní, kí bọ́ọ̀dù tó wọ ibẹ̀. Èérún irin kan ṣoṣo lábẹ́ chip ti tó láti pa á.

Tí heat sink GPU tuntun bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ike atọ́nà kò ní bò ó mọ́. Ẹ gé apá tó wà lórí GPU, kí ẹ fi páànù alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe òrùlé mìíràn fún un. Àlàfo láàárín eyín heat sink àti òrùlé yẹn kò gbọ́dọ̀ ju mílímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹ fi téèpù alumíníọ̀mù di gbogbo ojú ìsopọ̀, kí fáànù má baà máa fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé bébà tín-ín-rín sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí GPU: bí kò bá fà á mọ́ra, ibì kan ṣì ń jò.

Ẹ fi sípírítì nu ojú chip kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù ooru tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó. Síkúrù tí ẹ bá ń dè, ẹ máa gba igun dé igun, díẹ̀díẹ̀.

Díráìfù DVD á bọ́ sí àyè díráìfù kọ̀ǹpútà níwájú, pẹ̀lú irin onígun tí ẹ ṣe fún un. Wáyà SATA (wáyà dátà díráìfù) gígùn tí gbogbo ènìyàn ń lò ṣiṣẹ́ fún un. Wáyà iná rẹ̀ ni ẹ máa fà gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi díráìfù mìíràn rọ́pò rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú bọ́ọ̀dù díráìfù tó bá ti 360 yẹn nìkan mu, ti òmíràn kò ní ka géèmù. Ó sì ṣe pàtàkì nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí Microsoft ti ti ilé ìtajà 360 pa ní 29 oṣù Keje 2024, díìsìkì ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù.

Bọ́ọ̀dù kékeré tó ní bọ́tìnnì àti iná róbótó ló ń bá páàdì sọ̀rọ̀. Irin máa ń dí i létí. Ẹ fà á gùn, kí ẹ gbé e sẹ́yìn ike iwájú kéèsì, kì í ṣe sẹ́yìn irin.

Nígbà tí ẹ bá tan án, ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo 12V nígbà tí géèmù ń lọ: 11.4 sí 12.6 ni kó wà. Iná pupa mẹ́rin, wáyà tẹlifíṣàn kò wọlé dáadáa. Méjì, ó ti gbóná jù, ẹ padà sí ike atọ́nà. Mẹ́ta, ẹ yẹ iná àti ìdè heat sink wò kí ẹ tó sọ̀rètí nù. Ẹ gbé e sórí UPS tàbí ínfátà, kí ẹ lè rọra pa á nígbà tí iná bá lọ.

Fún eruku, sítọ́kìn obìnrin tí ẹ nà mọ́ fáànù iwájú tó 12 sẹ̀ǹtímítà dára ju nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ, ihò nẹ́ẹ̀tì ti tóbi jù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó.