Ìdílé tí gbogbo ọmọkùnrin wọn ń jẹ́ Heinrich

Ká ní bàbá ẹ ń jẹ́ Heinrich, bàbá bàbá ẹ Heinrich, ẹ̀gbọ́n ẹ Heinrich, àbúrò ẹ Heinrich, ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́la náà, tó bá sáà ti jẹ́ ọkùnrin, Heinrich ló máa jẹ́. Ìdílé kan wà ní Jámánì tó ti ń ṣe báyìí láti bí 800 ọdún sẹ́yìn, Reuss lorúkọ wọn. Ọdún 2022 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn, nígbà tí ọlọ́pàá Jámánì mú ẹnì kan nínú wọn ní December lórí ẹ̀sùn pé òun àtàwọn kan ń gbìmọ̀ láti gbàjọba. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn kọ́ ni mo bá wá o, nọ́ńbà tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ ọkùnrin náà ló mú mi, Heinrich Kẹtàlá. Mo rò pé ọba kẹtàlá ni wọ́n ń sọ, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá, àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn wọn tí mi ò lè gbé e sílẹ̀.

Lápá ìlà oòrùn Jámánì ni wọ́n ti wá, ní Thuringia. Àwọn bàbá ńlá wọn kì í ṣe ọba. Vogt ni wọ́n, ìyẹn àwọn tí olú ọba fi ń bójú tó ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n wà ní Weida, ní Gera, ní Plauen, wọ́n sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé Vogtland ni wọ́n ń pe àgbègbè yẹn títí dòní. Wọ́n ní torí oore tí olú ọba Heinrich Kẹfà ṣe fún wọn, ẹni tó jẹ olú ọba láti 1191 sí 1197, ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ rẹ̀ sọ gbogbo ọmọkùnrin wọn. Nígbà tí Heinrich wá pọ̀ nílé jù, àlàjẹ́ ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, ní Plauen wọ́n ń pe ọ̀kan ní ará Bohemia, wọ́n ń pe èkejì ní Reuss torí àwọn ará Rọ́ṣíà ìgbà yẹn tó bá tan. Àlàjẹ́ yẹn ló di orúkọ ìdílé.

Ní 1564 wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà àárín kú tán ní 1616, ló wá ku ilé àgbà ní Greiz àti ilé àbúrò ní Gera, Schleiz àti Lobenstein. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n sọ orúkọ Heinrich di òfin ilé, ibi tí nọ́ńbà ti wọlé nìyẹn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ilé àgbà ní àwọn máa kà á títí dé 100 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ilé àbúrò ní tiwọn, ọ̀rúndún ni wọ́n fi ń kà á, tí ọ̀rúndún bá ti yí, ọmọkùnrin tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí á gba 1. Ìdí nìyẹn tí Heinrich 67, tí wọ́n bí ní 1789, fi bí Heinrich 14 ní 1832, Heinrich 14 bí Heinrich 27 ní 1858, Heinrich 27 bí Heinrich 45 ní 1895. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé bàbá ló kéré sí ọmọ.

Nǹkan tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nibẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọn tó jọba nìkan ni wọ́n ń kà. Gbogbo ọmọkùnrin ni. Èyí tó kú lọ́mọ ọwọ́ náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, wọn kì í gbé e fún ẹlòmíì. Ní Yúróòpù ayé ọjọ́un, tí ọmọ bá kú, wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ò wá sáyé rí, ṣùgbọ́n ní ilé Reuss, tí o bá gbé ìwé ìdílé wọn tí o rí i pé 22 wà, 24 wà, o mọ̀ pé ọmọ kan wà láàárín.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn tiẹ̀ ní orúkọ mìíràn lẹ́yìn nọ́ńbà. Heinrich Posthumus ti Gera, 1572 ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ ti kú kí ìyá rẹ̀ tó bí i, ìtumọ̀ Posthumus nìyẹn, àwa ì bá pè é ní Babarímisá. Òun ló dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Gera ní 1608. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ogun ọlọ́gbọ̀n ọdún ń jà ní Jámánì, ọkùnrin yìí ní kí wọ́n kan pósí òun sílẹ̀, kí wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì àti ọ̀rọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì tí òun fúnra òun yàn sára rẹ̀. Ó kú ní December 1635. Heinrich Schütz, akọrin ńlá tí wọ́n bí ní Köstritz lórí ilẹ̀ ìdílé yìí, ló fi àwọn ọ̀rọ̀ ara pósí yẹn ṣe orin ìsìnkú rẹ̀ ní 1636, Musikalische Exequien, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ dòní.

Ilẹ̀ wọn kéré o. Ti ilé àgbà ò ju nǹkan bí 316 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni, wọ́n sì ní ìbò tiwọn nígbà tí Jámánì di ọ̀kan ní 1871. Àwọn ọmọbìnrin wọn, tí kò sẹ́ni tó fún ní nọ́ńbà, ló gbé ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà lọ síbi tí àwọn Heinrich ò dé. Augusta ti Ebersdorf ló bí Leopold, ọba àkọ́kọ́ ní Bẹ́ljíọ̀m, òun náà ni ìyá àgbà Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀. Eleonore ti Köstritz ti ṣe nọ́ọ̀sì lójú ogun Rọ́ṣíà àti Japan kó tó fẹ́ Ferdinand ti Bulgaria ní 1908.

Hermine ńkọ́, ọmọbìnrin ilé àgbà? Bàbá rẹ̀ ni Heinrich 22 ti Greiz, ẹni tí kò lè fojú kan Prussia, ìjọba tó lágbára jù ní Jámánì. Ní 1866 tí ìyá rẹ̀ ń delé dè é, Greiz gbè sẹ́yìn Austria, àwọn ọmọ ogun Prussia wá gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sì gbàgbé, gbogbo ìgbà tó fi wà lórí oyè ló ń ta ko Prussia. Ó kú ní 1902. Ní 1922, Hermine ọmọ rẹ̀ fẹ́ Wilhelm Kejì, Kaiser, ìyẹn olú ọba, láti ilé Prussia yẹn gan-an, ẹni tó ti pàdánù ìtẹ́ tó sì ń gbé ní Doorn lórílẹ̀-èdè Netherlands.

Ẹ̀gbọ́n Hermine ọkùnrin ni Heinrich 24. Ara rẹ̀ ò yá láti kékeré, kò lè ṣàkóso, ni ilé àbúrò bá wá ń ṣe adelé fún un, Heinrich 14 kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà Heinrich 27, títí di November 1918 tí oyè ọba fi parí ní Jámánì. Àwọn tó pín ní 1564 padà sábẹ́ ẹnì kan ṣoṣo torí ọkùnrin tó ń ṣàìsàn. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Ó kú ní 1927, kíkà tí ilé àgbà ní àwọn máa kà dé 100 sì dúró sórí 24.