Etí Pátákó Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ìṣirò tí a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí pátákó kọ̀ǹpósíìtì (ìpele fọ́nrán tí a fi resin, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń le, lẹ̀ léra) máa ń sọ stress (ipá lórí ìwọ̀n ojú kan) inú ìpele kọ̀ọ̀kan fún wa dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìpele kan àti èkejì, kò dá sí i. Ibẹ̀ gan-an sì ni pátákó ti máa ń ṣí, torí resin nìkan ló so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Kò sí fọ́nrán kankan tó gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ mú ìpele mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 0.125 mm. Fọ́nrán ìpele méjì tòde tẹ̀lé ọ̀nà tí a ń fà á sí (0°), ti méjì àárín dábùú rẹ̀ (90°). Tí a bá fà á, ìpele òde fẹ́ sún kì ní ìbú, ìwọ̀n Poisson rẹ̀ (bí ìbú ṣe ń sún kì sí bí gígùn ṣe ń nà) sún mọ́ 0.3. Ti àárín kò ju nǹkan bí 0.02 lọ, fọ́nrán tó dábùú kò gbà fún un. Bí a ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, ìpele àárín ń na tòde síta. Ní etí, afẹ́fẹ́ ló kù, kò sí ohun tó máa di ìnà yẹn mú àfi resin tó wà lábẹ́ ìpele òde. Ìfà ti inú ń ṣiṣẹ́ ní agbede nínípọn ìpele náà, resin sì ń dì í mú nísàlẹ̀. Ipá méjì tí kò sí lórí ìlà kan náà á fẹ́ yí i, etí á sì fẹ́ gbé sókè. Stress tó ń ṣí ìpele nìyẹn.

Ẹ wá gbé 90° bọ́ sóde, kí 0° wà láàárín: etí náà á máa tẹ̀ mọ́ra dípò kó ṣí. Ohun èlò kan náà ni, ìwọ̀n kan náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń ti pátákó pọ̀ láti ìkángun méjèèjì, kì í ṣe fífà, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ẹ má sì gbàgbé ìtútù láti nǹkan bí 180°C lẹ́yìn sísè: nínú ìtò àkọ́kọ́, òun náà ń kún ìṣí, kí ẹnikẹ́ni tó fà á rárá.

Láàárín +45° àti -45° ọ̀ràn yàtọ̀. Ọ̀kan fẹ́ wọ́ sápá ọ̀tún, èkejì sósì, stress tó ń mú ìpele kan yọ̀ lórí èkejì ló pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn olùwádìí méjì, Pipes àti Pagano, ṣírò èyí ní 1970. Gbogbo rògbòdìyàn náà kì í sábà kọjá nǹkan bí nínípọn pátákó kan láti etí wọlé. Nítorí náà, tí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ẹ gé àwọ̀n yín (àwọn ègé tí kọ̀ǹpútà pín pátákó sí) kéékèèké níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gba iye tó ga jù ní etí gan-an gbọ́. Bí àwọ̀n bá ń kéré sí i ni iye náà ń ga sí i, kò ní dúró. Ẹ wá àpapọ̀ rẹ̀ láti etí wọlé títí dé ìwọ̀n nínípọn ìpele kan, kí ẹ pín in fún nínípọn náà, òun ni kí ẹ lò.

Jìnnà sí etí, tí pátákó bá ń tẹ̀ kọrọdọ, ẹ lo ìdọ́gba ipá láti rí stress àárín ìpele: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òdo, kí ẹ máa kó ìyípadà stress inú ìpele jọ lọ sókè. Tí kò bá padà di òdo lójú òkè, àṣìṣe wà níbì kan.

Ìdánwò tó yá jù fún agbára àárín ìpele ni ti ASTM D2344 (ìlànà ìdánwò ti ẹgbẹ́ ASTM): a gbé ègé kékeré sórí ìdúró méjì, a sì tẹ àárín rẹ̀. Àlàfo láàárín ìdúró méjèèjì jẹ́ ìlọ́po 4 nínípọn, ìbú ìlọ́po 2, gígùn ìlọ́po 6. Kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní 1 mm ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 0.75 lọ́po ipá tó ga jù, kí ẹ pín in fún ìbú lọ́po nínípọn: 2,560 N lórí 8 mm lọ́po 4 mm jẹ́ 60 MPa. Tí òkè bá rún tàbí tí ìsàlẹ̀ já, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti àárín ìpele, ẹ jù ú nù.

Ẹ má to ju ìpele 4 tó dojú kọ ọ̀nà kan náà léra. Bí bulọ́ọ̀kù ìpele ọlọ́nà kan bẹ́ẹ̀ bá ṣe nípọn tó ni agbára tó kó pamọ́ láti fi ṣí ṣe ń pọ̀ tó. Ihò náà ní etí o. Tí ẹ bá ń lu ú, ẹ fi pákó ti ẹ̀yìn pátákó, torí ìpele tó gbẹ̀yìn ni irin máa ń tì jáde kó tó gé e.