Òdo tí wọ́n kọ síwájú orúkọ Ìyá Àlàájà

Ní ọdún kẹta tí mo dé Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wọ agboolé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan. Wọ́n ń ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé: ènìyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, omi wo ni à ń mu, ọmọ mélòó la bí, mélòó ló kú, ọdún mélòó sì ni àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lò ní ilé ìwé. Faransé ni ọ̀kan fi ń béèrè, èkejì a túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn, èmi a sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún Ìyá Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ àgbà ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé ìwé, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Ìyá, wọ́n ń béèrè ọdún tí ẹ lò ní ilé ìwé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, sọ fún wọn pé mi ò mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀." Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Orí itan Ìyá ni ìwé gbèsè rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ń kọ òdo yẹn. Aṣọ ni Ìyá ń tà ní ọjà Wándò, àwìn ló sì ń tà jù, nítorí náà kò lè ṣe kó má kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń kọ ọ́ lọ sí ọwọ́ òsì. Lẹ́tà Lárúbáwá ni, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni: ẹni tó mú ọ̀pá mẹ́fà, ẹni tó san 2,000 fáráǹkì, ẹni tó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá tí wọn kò rí mọ́. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ààfáà ló fi wálàá kọ́ ọ kó tó lọ sílé ọkọ. Àwa ará Ìlọrin mọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, àjámì là ń pè é, ṣùgbọ́n n kò tíì rí obìnrin ọlọ́jà tó ń fi ṣe ìṣirò owó rẹ̀ lójoojúmọ́ kí n tó dé Àjàṣẹ́. Mo fẹ́ sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. Mo wo àwọn ìbéèrè wọn títí, n kò rí ibi tí mo lè fi í sí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí irú òdo bẹ́ẹ̀ ń lọ. Láti ọdún 1990 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń gbé ìwé kan jáde lórí ìdàgbàsókè ọmọnìyàn, nínú èyí tí wọ́n ti ń fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òǹkà kan láàárín òdo àti ení. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò pọ̀: iye ọdún tí ọmọ tí a bá bí lónìí lè retí láti lò láyé, ọdún tí ènìyàn ń lò ní ilé ìwé, àti owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti ilé ìwé yẹn tún pín sí méjì, ìyẹn ọdún tí a retí pé ọmọdé yóò lò, àti ọdún tí àwọn tó ti pé ẹni ọdún 25 sókè ti lò tí a bá pín in dọ́gba. Ọ̀dọ̀ àwọn bí Ìyá Àlàájà ni wọ́n ti ń ṣa èyí tó gbẹ̀yìn yìí jọ. Mahbub ul Haq ló ṣáájú iṣẹ́ náà, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Pakísítánì tó ti ṣe mínísítà ìṣúná rí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Amartya Sen láti Íńdíà. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn pé owó nìkan ni àwọn ìjọba fi ń wọn ìlọsíwájú, nígbà tí owó lè pọ̀ nílùú kí ọmọ sì máa kú ní ìkókó lójoojúmọ́.

Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé Mùsùlùmí ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀. Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ni Pakísítánì tirẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni Bẹ̀nẹ̀ tí mo ń gbé wà. Orílẹ̀-èdè 57 ló wà nínú Àjọ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ìslámù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 ní Rabat, Bẹ̀nẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ ní 1983. Nínú ẹbí kan ṣoṣo yìí, Màléṣíà, Tọ́kì àti àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ní epo wà lókè téńté, nígbà tí Nìjẹ́ẹ̀, Ṣáàdì, Málì, Yẹ́mẹ̀n àti Sómálíà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀sìn ló fa òṣì ní láti ṣàlàyé Kuala Lumpur, olú-ìlú Màléṣíà, fún wa, ẹni tó bá sì ní ìsìn wa nìkan ti tó fún ìlọsíwájú, kó wá ṣàlàyé Mogadishu, olú-ìlú Sómálíà. Àwọn méjèèjì wà ní àdúgbò wa. Èkíní a máa sọ tirẹ̀ ní Faransé nínú ọkọ̀ Kutọnu, èkejì a máa sọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òyìnbó ló sì máa ń dá lẹ́bi fún gbogbo rẹ̀.

Èmi fúnra mi ti jẹ nínú ìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ẹ̀rí sànáwí, ìyẹn sẹ́kọ́ńdìrì ti ilé kéú, ni mo gbé kọjá ní Ìdìrókò wọ Ìgòlò nígbà tí mo ń bọ̀ wá sílé ọkọ, ọdún méjìlá gbáko ni mo sì fi kọ́ Lárúbáwá àti gírámà rẹ̀, ìtàn, ìpín ogún àti ìṣirò. Mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì kan láti wá iṣẹ́ olùkọ́. Òṣìṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò sì mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Ó bi mí pé ṣé mo ní èyí tó jẹ́ ti Faransé. Nígbà tí mo ní rárá, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì pe ẹni tó kàn. Ọkùnrin kan tí a jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Mẹ̀dínà, ó sì ń gbọ́ Lárúbáwá bí ẹni gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Iṣẹ́ zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ló ń ṣe. Òun ló gbé mi dé ìdíkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọ̀ láti gba owó, ó ní ọmọ ilé kéú kì í gba owó lọ́wọ́ ara wọn.

N kò lè gba iwájú Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ kọjá kí ọ̀rọ̀ yìí má padà sọ́kàn mi. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí irú ilé ìsìn tó wà ní Bahia ní Bràsíìlì ni àwọn Àgùdà Mùsùlùmí kọ́ ọ bí, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri àti ọ̀dà aláràbarà. Àwọn Àgùdà yìí jẹ́ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ, tí wọ́n tún padà wá. Ní Bahia yẹn, ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáànù, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Ìmàle tiwa náà ni. Nígbà tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, ìwé Lárúbáwá ni wọ́n bá lára wọn àti nínú yàrá wọn, àdúrà àti ẹsẹ Kùránì, ẹ̀rù ìkọ̀wé náà sì ba àwọn aláṣẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe ẹ̀rí ọ̀tẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn padà sí Áfíríkà. N kò sọ pé ọmọ àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn gan-an ló kọ́ mọ́sálásí wa o. Ohun tí mò ń sọ ni pé lẹ́tà tí adájọ́ Bahia ń bẹ̀rù ni Ìyá Àlàájà fi ń kọ gbèsè àǹkárá, òdo sì ni ìwádìí kọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni òdo náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ Ìyá ń ru, inú páálí oògùn rẹ̀ kún fún Faransé. Ó ń lo èyí tó yẹ kó lò lálẹ́ ní àárọ̀, òòyì sì ń kọ́ ọ lójú ọjà, títí mo fi gba páálí náà tí mo kọ "ọ̀kan lálẹ́" sí i lára ní àjámì. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò dé ilé oògùn, kò dé báńkì, kò dé ọ́fíìsì ilẹ̀. Ní Nàìjíríà tiwa, ọmọ tó bá ń lọ sí ilé kéú tí wọn kì í ti kọ́ ọ ní ìṣirò àti ìwé kíkà ti ìjọba, wọ́n kà á mọ́ àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé ìwé rárá. Inú máa ń bí àwọn ààfáà wa sí èyí. Ó bí èmi náà nínú rí, àmọ́ ìbínú wa kò tíì kọ́ ọmọ kankan ní bí a ṣe ń ka páálí oògùn.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn ààfáà ni Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, orílẹ̀-èdè náà kò ní epo bíi ti àwọn Lárúbáwá, òṣì àti omíyalé sì ti bá a fínra láti ìgbà tó ti gba òmìnira ní 1971. Ní 1994, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó díẹ̀ fún gbogbo ọmọbìnrin abúlé tó bá wà ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Àdéhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí ó máa wá sí kíláàsì déédéé, kí ó yege dé ìwọ̀n kan nínú ìdánwò, kí wọ́n má sì tíì fà á fọ́kọ. Kí ọdún púpọ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin ti pọ̀ ju ọmọkùnrin lọ ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì wọn. Wọn kò sọ fún bàbá kankan pé kó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kàn jẹ́ kí owó díẹ̀ wà nínú kí ọmọ má tíì lọ sílé ọkọ ni. Wo Afuganísítàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, níbi tí wọ́n ti ti ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì mọ́ àwọn ọmọbìnrin láti 2021, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ wọn ní oṣù Kejìlá 2022, wọ́n ní ẹ̀sìn ló wí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin a mọ ìtàn Nana Asma'u, ọmọ Ṣéú Usman dan Fodio, tó kú ní 1864, tó kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀kọ́ tó sì rán wọn láti abúlé dé abúlé kí wọ́n lọ kọ́ àwọn mìíràn. Ẹ̀sìn wo ni òun ń ṣe nígbà náà?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì, ó sì di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Àwọn tó wà ní Àbújá lè má mọ ohun tí ìyẹn ṣe ní Àjàṣẹ́. Àwọn oníbàárà Ìyá láti apá Èkó kò wá mọ́. Ọmọ Ìyá, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ẹnubodè, jókòó sílé. Láàárín oṣù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ dé orí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, pé kó fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Kutọnu gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Wọ́n ti ṣètò ọjọ́ tí yóò lọ. Ẹnì kankan nínú wọn kò kórìíra ẹ̀kọ́, ebi ni.

Ìyá kò jiyàn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ọmọbìnrin náà gbé àtùpà wá, ó ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ láti ewé àkọ́kọ́, ọmọ náà ń kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn ní lẹ́tà tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé, orúkọ ẹni, iye owó, àdúgbò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n di àfẹ̀mọ́jú. Èmi àti ọmọ náà la jọ gba ojúlé dé ojúlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan sá fún wa, àwọn kan bínú, obìnrin kan sì sunkún nítorí ó rò pé Ìyá ti gbàgbé. Ohun tí a rí gbà kò tó ìdajì gbèsè náà, síbẹ̀ ó tó owó ìwé àti aṣọ ilé ìwé ọdún yẹn, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún oúnjẹ.

Láti ìgbà náà ni obìnrin méje ti ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn tó ti ka Kùránì ni gbogbo wọn, nítorí náà a kì í bẹ̀rẹ̀ láti A. A máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ ní àjámì, a ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà Yorùbá, lẹ́yìn náà ni Faransé yóò tẹ̀ lé e. Ó yá wọn ju bí mo ṣe rò lọ, yàtọ̀ sí òǹkà Faransé, pàápàá 70 sókè, tó jẹ́ pé èmi náà kì í fi gbogbo ara gbà á. Ọmọbìnrin yẹn ló ń kọ́ wọn ní ìyẹn. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí, ó ń múra sílẹ̀ fún BAC, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ojú Ìyá kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ náà ló sì ń bá a kọ gbèsè nísinsìnyí. Inú ìwé kan náà ni. Ìyá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn, bí Lárúbáwá ti rí, ọmọ náà sì ń kọ tirẹ̀ bọ̀ láti iwájú. Nígbà tí mo ṣí i wò ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ewé mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n pàdé, Ìyá sì ti ní kí n bá òun ra òmíràn bọ̀ bí mo bá ń ti Wándò dé, kí n má ṣe ra èyí tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́.